Ẹ ya máàpù kí ilẹ̀ oko wa tó tán

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde kí àwọn tó ń ṣèjọba l'Ábẹ́òkúta lè rí i kà, àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti ń ká mi lára ọjọ́ ti pẹ́. Gàrí ni mò ń tà lọ́jà Òkè-Àjẹ n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, òun náà ni ìyá mi tà. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí wọ́n jókòó ya máàpù kan ṣoṣo fún gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pọ̀, tó máa sọ ibi tó jẹ́ ti oko, ibi tó jẹ́ ti ilé, ibi tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ àti ibi tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kí wọ́n tó tún fọwọ́ sí léáọ́ọ̀tì tuntun kankan, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń pín ilẹ̀ sí ojúlé-ojúlé fún títà.

Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò láti Ṣàgámù bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, pátákó àwọn tó ń ta ilẹ̀ lẹ ó máa kà lọ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn ló ń sọ pé ilẹ̀ àwọn ò jìnnà sí ẹ́ápọ́ọ̀tù, pé ẹ lè máa san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí wàhálà ọmọ onílẹ̀. Mi ò bá àwọn tó ń rà á jà. Èkó ti kún, àwọn ọmọ tiwa náà ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ríbi kọ́lé sí. Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí ẹkisipírẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn ni Èkó ti ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀, ó gba Ìbafò àti Mowé kó tó kan Ṣàgámù. Ó tún wá ń gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wọlé báyìí, torí ebúté ọkọ̀ òkun tí wọ́n ṣí ní Lẹ́kkí ní 2023 àti rìfáínárì tó wà nítòsí ẹ̀, ẹni tí owó ẹ̀ ò bá ká ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ẹ wá fi ẹ́ápọ́ọ̀tù tó wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn kún un. Ìdàgbàsókè ni gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò fẹ́, ṣùgbọ́n etí ọ̀nà kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń rọ́ lọ, ibẹ̀ náà ló sì jẹ́ pé ilẹ̀ oko wa tó dáa wà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń pín ilẹ̀ lórí ìwé lè má mọ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló jẹ́ kí èmi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé rìn jìnnà. Tẹ́ ẹ bá wa ẹ̀gẹ́ lónìí, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta inú ẹ̀ á ti máa ní ìlà dúdú, tí wọ́n bá sì fi irú ẹ̀ ṣe gàrí, àwọ̀ ẹ̀ ò ní mọ́, ẹni tó bá mọ gàrí á mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó tún wúwo, torí omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, owó omi yẹn lẹ sì ń san fún onímọ́tò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ kì í fi í jìnnà sí oko nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gàrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo èèyàn ń wá yìí, wọn kì í kánjú ṣe é, wọ́n á lọ ẹ̀gẹ́, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á fi sílẹ̀ kó kan fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, àwọn míì tiẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó fi jáàkì tẹ omi ẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi ajọ̀ olójú kékeré jọ̀ ọ́, wọ́n á wá yan án lórí iná tí ò le jù. Tẹ́gẹ́ bá ti bàjẹ́ kó tó débi ẹ̀rọ, gbogbo sùúrù yẹn ò ní i gbà là. Torí náà tí wọ́n bá ní kò sí wàhálà, pé káwọn àgbẹ̀ kàn sún síwájú sí i lọ dáko, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tí oko bá ti sún jìnnà jù, gàrí ọ̀hún náà ti yí padà nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń yan gàrí fún mi, apá Òdógbolú ló wà, mú mi dé oko ẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. Àárín ebè gan-an ni wọ́n ri píílà símẹ́ńtì mọ́, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí i lórí, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ igi kéékèèké láti píílà kan dé èkejì, ẹ̀gẹ́ ẹ̀ ò sì tíì ga ju orúnkún lọ. Kò sẹ́ni tó bá a sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ẹbí ọkọ ẹ̀ ni, àwọn àgbà ẹbí ló tà á, ọkọ ẹ̀ ti kú, kí ló fẹ́ sọ? Ẹ̀gẹ́ tó ń rà lò báyìí, ọ̀nà Ògbẹrẹ̀ ni lọ́rí ti ń gbé e wá. Ẹ bá mi ronú owó ọkọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ tó máa bi àwa tá à ń tà lọ́jà pé kí ló dé tí gàrí fi wọ́n.

Èyí tó tún ń dùn mí jù ni pé púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà yìí, wọn ò kọ́lé sí i. Wọ́n á mọ fẹ́ǹsì yí i ká, wọ́n á gbé géètì sí i, wọ́n á kọ orúkọ ẹ́sítéètì sí i gàdàgbà, igbó á sì bò ó. Ẹni tó rà á wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, ó ń retí kí owó ilẹ̀ gòkè sí i. Ilẹ̀ ọ̀hún ò ṣe oko mọ́, kò sì ṣe ilé. Ká ní máàpù wà, wọ́n lè sọ pé ilẹ̀ tí wọn ò bá tíì kọ́ nǹkan kan sí, kí wọ́n jẹ́ káwọn àgbẹ̀ máa dá a lọ́dọọdún pẹ̀lú ìwé àdéhùn títí dọjọ́ tí olówó ẹ̀ máa dé. Ẹ̀gẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ọdún kan lọ, ẹ̀fọ́ ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Igi obì ló yàtọ̀. Rẹ́mọ ló ni obì, Sábó Ṣàgámù làwọn Hausa ti ń wá kó o ti pẹ́, igi tí kátápílà bá hú níbi tí bàbá bàbá èèyàn gbìn ín sí, ta ló fẹ́ dúró ọdún tí òmíràn máa so?

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹ́ápọ́ọ̀tù yẹn mọ́, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé irè oko ló máa máa gbé lọ sókè òkun, mo dunnú sí i, mo ṣì ń dunnú sí i báyìí. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ilẹ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìpẹru bá di ẹ́sítéètì, irè oko wo ni bàlúù máa gbé? Ìkẹ́nnẹ́ yẹn kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá fáàmù sẹ́tùmẹ́ǹtì sí ní nǹkan bí 1960, ọ̀kan tún wà ní Ìbíadé, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ bí àwọn ará Ísírẹ́lì ṣe ń ṣe é, wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn, wọ́n kọ́lé sí i. Lóòótọ́ kò yọrí sí bí wọ́n ṣe rò ó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn ló fi í sílẹ̀ lọ sígboro, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà rí i pé ìgbà kan wà tí ìjọba kọ́kọ́ ya ilẹ̀ oko sọ́tọ̀, tí wọ́n kà á sí nǹkan gidi.

Ẹ wá kọjú sápá kejì, Ìjẹ̀bú East àti Ogun Waterside. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà, ibẹ̀ ni omi wà, ọ̀sà wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ lọ́jọ́ òjò ẹ gbọ́dọ̀ gbàdúrà kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Igbó Ọmọ tá a mọ̀ sí J4, tí erin ṣì wà nínú ẹ̀ dòní, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò láti 1977, wọ́n gé igi ìbílẹ̀ kúrò lápá kan ẹ̀, wọ́n fi igi òkèèrè tí wọ́n ń pè ní gmelina rọ́pò, pé iléeṣẹ́ pépà Ìwópin ló máa lò ó. Iléeṣẹ́ pépà náà ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ títí dòní. Rìfáínárì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, Olókolá létí òkun lápá ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé e lọ, Lẹ́kkí ló gbà lọ. Torí náà àwọn ọmọ Waterside ń kó lọ s'Ékòó, àwọn ará Èkó ń kó bọ̀ ní Rẹ́mọ, ilẹ̀ ń há níbi kan, ó ń di igbó níbòmíì, a sì ń pè é ní ìpínlẹ̀ kan náà. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kó má jẹ́ pé gbogbo iléeṣẹ́ ló máa tò sí ojú títì. Ẹ rí bí àwọn tírélà ṣe ń tò sétí ọ̀nà l'Ógèrè, ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá mọ ohun tí mò ń sọ.

Kì í sì í ṣe pé kò sófin. Òfin ètò ìlú àti agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 ti sọ ọ́ nígbà náà pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló máa ya ètò ti agbègbè, káwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì ya ti ìlú àti ti abúlé tiwọn. Ti abúlé o! Ìyẹn ni pé ó yẹ kí káńsù lè sọ pé oko ni ibí, oko ló máa jẹ́. Àwọn àgbà wa náà ló sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba àtọmọ kó má láàlà. Erédò Súngbọ́, yàrà ńlá àtijọ́ tó yí Ìjẹ̀bú ká, tó tó bí 160 kìlómítà, àwọn baba ńlá wa ló fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ, ọ̀nà, oko àti ilé ti jẹ wọnú ẹ̀ níbi púpọ̀. Tí kò bá sí lórí máàpù tẹ́ni tó ń fọwọ́ sí pílánù ń wò, báwo ló ṣe máa mọ̀? Bákan náà ni àkùrọ̀ àti etí odò Yemọjí, tí wọ́n bá ń da iyanrìn sí i kọ́lé, omi á wá ọ̀nà míì gbà, inú yàrá èèyàn ló sì máa gbà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé kí ni ẹbí tó ní ilẹ̀ fẹ́ jẹ, ṣé kí wọ́n máa wo ilẹ̀ níran ni? Òótọ́ ni o. Ẹ̀gẹ́ tó wà lórí éékà kan ò lè mú owó wá lọ́dún bí owó tí ẹ́jẹ́ǹtì ń kó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó iléèwé ọmọ sì wà nílẹ̀, owó ọsibítù wà nílẹ̀. Òfin ilẹ̀ 1978 náà dá kún un, torí tí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, owó irè oko àti ilé tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n máa ṣírò fún un, kì í ṣe owó ilẹ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn á tètè tà kí ìjọba tó dé. Nítorí náà tí wọ́n bá sọ pé ilẹ̀ kan ò gbọdọ̀ kúrò ní oko, kí wọ́n má fi àgbẹ̀ sílẹ̀ lásán. Nínú owó tí ìjọba ń gbà lórí pílánù àti C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ní ẹ̀bá ẹ́ápọ́ọ̀tù yẹn, kí wọ́n yọ ìdá kan sọ́tọ̀, kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà oko, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ ìlọgẹ́ tó dáa sí Ògbẹrẹ̀ àti Ìbíadé, kí gàrí lè jáde níbẹ̀ dípò ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹni tó ń pa owó lórí oko ò ní í kánjú tà á.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí máàpù yìí, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán àti ààfin àwọn ọba wa, kí wọ́n kà á lórí rédíò, kí wọ́n fún wa láyè ká sọ tiwa, kó má jẹ́ àwọn tó ní owó nìkan ló máa mọ ibi tí títì tuntun fẹ́ gbà. Kí wọ́n pe àwọn obìnrin tó ń dáko náà, torí orúkọ wa kì í sí nínú ìwé ilẹ̀ ẹbí. Mo ti bá àwọn ẹgbẹ́ alágàrí wa sọ ọ́, a ti ṣe tán láti wá, ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù tàbí Abìgì ni wọ́n bá pè é sí, kí wọ́n ṣáà má fi ìpàdé sí ọjọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá alágàrí, ọjà Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde