Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìbúra ló ń gbé obìnrin dé àga Adájọ́ Àgbà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àkọsílẹ̀ yín lórí àwọn obìnrin tó ti jẹ adájọ́ àgbà dùn ún kà, ṣùgbọ́n ibi méjì wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ tún ṣe. Ẹ pe Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ àti Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ní orúkọ kan náà, bí ẹni pé ipò kan ni. Ẹ tún kọ ọ́ bí ẹni pé ààrẹ kàn nawọ́ mú obìnrin tó wù ú ni. Èkejì yìí ló ká wa lára jù, nítorí àwọn òbí tó ń rán ọmọbìnrin wọn lọ kọ́ òfin láti Abẹ́òkúta níbí ló máa ṣì lọ́nà.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ ni olórí Ilé-ẹjọ́ Gíga wa tó wà ní ọ̀nà Kobape. Àjọ NJC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní Nàìjíríà, ló ń dábàá orúkọ, gómìnà ló ń yàn, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mosàn ló ń fọwọ́ sí i. Onídàájọ́ Tòkunbọ̀ Ọlọ́pàdé ti ṣe é ní Ògùn, Onídàájọ́ Mọ́súnmọ́lá Dípèolú sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 2018, obìnrin lé obìnrin. Abuja ni ti orílẹ̀-èdè wà, òun ni olórí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, òun náà sì ni alága NJC. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ti ìpínlẹ̀ kì í ṣe àtẹ̀gùn sí ti orílẹ̀-èdè. Onídàájọ́ Aloma Mukhtar, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ti orílẹ̀-èdè, kò jẹ Adájọ́ Àgbà Kánò rí, Onídàájọ́ Kudirat Kékeré-Ẹkùn, tó ṣe ìkejì, kò sì jẹ ti Èkó. Láti Ilé-ẹjọ́ Gíga ni àwọn méjèèjì ti gba Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ààrẹ. Abala 231 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ló sọ bó ṣe ń lọ. Bí àga bá ṣófo, onídàájọ́ tó pẹ́ jù nínú Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ni ààrẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe adelé, oṣù mẹ́ta péré sì ni adelé ní. Láàrin rẹ̀, NJC á fi orúkọ ránṣẹ́ sí ààrẹ, ààrẹ á fi ṣọwọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àwọn yẹn á bi onítọ̀hún léèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n tó wá búra ẹlẹ́ẹ̀kejì fún un. Òfin kò sọ pé ẹni tó pẹ́ jù náà ló gbọ́dọ̀ jẹ oyè náà gan-an o. Àṣà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ní 1972, nígbà tí ọmọ wa, Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 14 lórí àga, ìta ni ìjọba ológun ti mú Teslim Elias wọlé. Ṣùgbọ́n lóde òní, ẹni tó kàn ni wọ́n ń mú. Ohun méjì ló sì ń pinnu ẹni tó kàn: ọjọ́ tí wọ́n búra fún un ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, àti ọjọ́ tí wọ́n bí i, nítorí ẹni tó bá pé 70 ọdún kò lè lo ọjọ́ kan lé e.

Ẹ fi èyí ka ìgbésí ayé Onídàájọ́ Mukhtar. Ọmọ Kánò ni wọ́n, Èkó ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, 1944. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ òfin, wọ́n di lọ́yà lọ́hùn-ún ní 1966, wọ́n sì di lọ́yà ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 1967, nígbà tí wọn ò tíì ju ọmọ ọdún 22 lọ. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe agbẹjọ́rò ìjọba ní Àríwá, wọ́n di májísíréètì ní 1971, akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́ ní Kánò ní 1973, àti obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga níbẹ̀ ní 1977. Ní 1987 wọ́n lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn, ọdún 18 ni wọ́n sì lò níbẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo ọdún 18 yẹn, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìṣirò náà jẹ́: ẹni 60 ọdún ni wọ́n kí wọ́n tó dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní oṣù kẹfà 2005. Wọ́n di Adájọ́ Àgbà ní ọjọ́ 16, oṣù keje, 2012, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi jókòó kí ọjọ́ ìbí tó lé wọn dìde.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní ojúrere ààrẹ ni, kó wo ìdájọ́ ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, 2008. Onídàájọ́ méje ló gbọ́ ẹjọ́ ìbò ààrẹ ọdún 2007. Mẹ́rin ní kí Yar'Adua máa bá iṣẹ́ lọ, mẹ́ta ní kí wọ́n fagi lé ìbò náà, Onídàájọ́ Mukhtar sì wà lára àwọn mẹ́ta yẹn. Ta ni igbákejì Yar'Adua nínú ìbò ọ̀hún? Goodluck Jonathan ni, ẹni tó di ààrẹ lẹ́yìn rẹ̀, tó sì yan Mukhtar ní 2012. Onídàájọ́ Walter Onnoghen, tó wà lára àwọn mẹ́ta náà, jẹ Adájọ́ Àgbà lẹ́yìn náà.

Ti Onídàájọ́ Mary Odili ló ń dunni. Wọ́n wọ Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 2011. Nígbà tó fi di 2022, Adájọ́ Àgbà Tanko Muhammad nìkan ló ṣáájú wọn. Wọ́n pé 70 ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, wọ́n sì lọ sílé. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, Onídàájọ́ Tanko fipò sílẹ̀, Onídàájọ́ Olúkáyọ̀dé Aríwóọlá, ọmọ Ìsẹ́yìn, sì bọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ 46 ló wà láàrin méjèèjì. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n.

Onídàájọ́ Kékeré-Ẹkùn ni ìṣirò náà gbè jù. Wọ́n bí wọn ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún, 1958. Wọ́n di lọ́yà ní 1981, májísíréètì l'Ékòó ní 1989, adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga ní ẹni ọdún 38, wọ́n dé Kòtẹ́milọ́rùn ní 46, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 55. Wọ́n di adelé ní oṣù kẹjọ 2024, ìbúra gidi sì wáyé ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án. Bí wọ́n bá lo gbogbo àsìkò wọn, 2028 ni.

Fún àwọn òbí: ọdún márùn-ún ni yunifásítì, ọdún kan ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, bí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ kò bá fa ọ̀rọ̀ gùn. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá di lọ́yà ni òfin ti ń ka ọdún: 10 kó tó lè jẹ adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga, 12 fún Kòtẹ́milọ́rùn, 15 fún Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Ẹni tó bá fi ogún ọdún ṣe lọ́yà ilé ìfowópamọ́ kó tó ronú ìjókòó adájọ́ lè di adájọ́ rere, àmọ́ àga Abuja ti ṣòro fún un. Ọ̀nà SAN, oyè àgbà láàrin àwọn lọ́yà, náà yàtọ̀. Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólànkẹ́, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, ọmọ Jacob Odulate tó ṣe Alábùkún, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba SAN, ní 1981, wọn kò sì jókòó ṣe adájọ́ rí.

Ìwé ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Kí ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé-ẹ̀rí ìbí bá ti JAMB mu, kó bá ti ilé ẹ̀kọ́ lọ́yà mu. NJC ti lé adájọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọjọ́ orí méjì. Kí ọmọbìnrin tó bá yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó tọ́jú ìwé ìbúra kóòtù àti ìwé ìròyìn tó fi kéde. Èyí tó gbẹgẹ́ jù ni ìpínlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2012, Adájọ́ Àgbà Mukhtar fúnra wọn kọ̀ láti búra fún Onídàájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, nítorí pé Anambra ni wọ́n bí i sí, orúkọ Abia, ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀, ni wọ́n sì fi dábàá rẹ̀. Ariwo ta, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà dá sí i, wọ́n padà búra fún un. Síbẹ̀, ọjọ́ ìbúra ló ń to ènìyàn sípò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sún tirẹ̀ síwájú. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá lọ́kọ sí Ìmò tàbí Oǹdó, kó yan ìpínlẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má sì yí i padà nínú fọ́ọ̀mù kankan.

Nígbà tí ẹ bá tún ń kọ nípa Onídàájọ́ Kékeré-Ẹkùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ 8, oṣù keje, 2013 ṣíwájú, ọjọ́ tí Adájọ́ Àgbà Mukhtar búra fún wọn sí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, kí ẹ tó kan ọjọ́ tí wọ́n lọ bá ààrẹ ní Aso Rock.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.