Lẹ́tà sí Àyàndélé lórí ọ̀rọ̀ 1986

Birmingham,
Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, 2025.

Àyàndélé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wà ní Houston? Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ara le. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo ìṣẹ́jú 11 rẹ̀, mo sì tún un gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́. O ní ẹni tó bá sọ pé heavy metal, orin gìtá oníná tó wúwo yẹn, dùn nígbà kan ju 1986 lọ, etí rẹ̀ ló dí. Mo rò ó títí, mi ò gbà. Lẹ́tà ni mo fi ń dá ọ lóhùn, torí tí a bá gbé e sórí fóònù, ariwo la máa fi parí ẹ̀ bí ìgbà tí a wà ní Agbowó, tí onílé á wá máa kan ilẹ̀kùn.

Ibi tó yẹ kí n gbà fún ọ, jẹ́ kí n gbà. Oṣù Kẹta ọdún náà ni Master of Puppets, àwo orin ẹgbẹ́ Metallica, jáde. Kí ọdún tó parí, Peace Sells ti ẹgbẹ́ Megadeth ti dé, Reign in Blood ti ẹgbẹ́ Slayer náà ti dé, odidi àwo orin tí kò pé ìṣẹ́jú 30. Ǹjẹ́ mo lè gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì tí a dà Master of Puppets sí? Rédíò rẹ máa ń jẹ ẹ́. Wàá rọra fa téèpù jáde, wàá ki bíírò bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì, wàá máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé. Ibi tó ti ká jù ni àárín orin Orion, níbi tí gìtá báàsì Cliff Burton, ọmọ ẹgbẹ́ Metallica, ti ń dá rìn. Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀, ohùn á lọ́, á rì, á tún là. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ ọ lórí fóònù tí kò lọ́, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Ọmọ ọdún 24 péré ni Cliff nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn dojú dé ní Sweden, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà.

Síbẹ̀, 1970 sí 1971 ni mo dúró lé, ìgbà ẹgbẹ́ Black Sabbath, ìlú tí mo ń gbé yìí ni wọ́n sì ti wá.

O mọ iṣẹ́ mi. Páànù irin là ń gé, tí a sì ń tẹ̀. Tí ẹ̀rọ tó ń tẹ irin bá balẹ̀, àyà ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Lóde òní ìdáàbòbò wà níwájú rẹ̀. Tí ọwọ́ bá sún mọ́ ọn, á dúró fúnra rẹ̀. Ní 1965 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi, ọmọ Aston níbí, tó wá di onígìtá Black Sabbath, nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, lọ́jọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló mú àwo orin Django Reinhardt wá fún un, onígìtá jáàsì tí iná ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, tó sì ń fi ìka méjì ta gìtá bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Tony wá yọ́ ike ọṣẹ ìfọbọ́, ó fi ṣe nǹkan bíi fìlà fún ìka méjèèjì, ó lẹ awọ mọ́ ọn. Okùn tó nípọn ń dùn ún, ó lọ ń lo okùn báńjò. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àwo Master of Reality ní 1971, ó ti dẹ okùn náà sílẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ìwọ ọmọ Àyàn lo kọ́ mi lọ́rọ̀ ọsán ìlù: tí apá bá fún un, ohùn á gòkè, tí apá bá tú u, ohùn á wálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gìtá nìyẹn. Ìrora ọwọ́ ẹnì kan ló mú ohùn yẹn wálẹ̀, gbogbo ẹni tó ń dẹ okùn gìtá rẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tọ̀.

Mo mọ èsì rẹ: ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ kọ́ ló máa ń ṣe é dára jù. Òótọ́ ni, ìyẹn nìkan kọ́ ni mo sì gbára lé. Gbọ́ bí àwo àkọ́kọ́ Black Sabbath ṣe bẹ̀rẹ̀, èyí tó jáde ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, 1970, tí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣoṣo gbà sílẹ̀. Òjò, aago ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ohùn gìtá mẹ́ta péré. Àyè wà láàárín wọn. Bill Ward tó ń lu ìlù, jáàsì ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára. Bí orin náà ṣe wúwo tó, ìlù rẹ̀ ń jó. Àwọn ti 1986 ń sáré, eré náà sì dára, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó ń jó nínú wọn. Lars Ulrich fúnra rẹ̀, onílù Metallica, ọ̀dọ́langba ni nígbà tó wá sí agbègbè wa yìí ní 1981, ó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ olórin Diamond Head, àwọn ọmọ Stourbridge, káàkiri. Ibí ló ti wá pọn omi.

Ti ọmọ rẹ tó ní Gojira, ẹgbẹ́ heavy metal ilẹ̀ Faransé, ló borí, mi ò bá a jà. Mo rí wọn níbi ìṣíde Òlíńpíìkì Paris ní 2024, orí mi wú.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje tó kọjá, Black Sabbath ṣeré ìkẹyìn ní pápá bọ́ọ̀lù Villa Park, nínú Aston wọn. Mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì, mo dúró sí òpópónà kan lẹ́yìn pápá náà, orin ń gba orí òrùlé wá bá wa. Metallica àti Slayer tìrẹ náà wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ orin Sabbath. Lálẹ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́ jọ ṣeré, èyí tí wọn kò ṣe láti nǹkan bí 20 ọdún. Orí àga ni Ozzy Osbourne, akọrin wọn, jókòó sí kọrin. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn náà, ó kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba Broad Street, bàbá kan níbi iṣẹ́ wa tí mi ò rí kó gba ìsinmi rí, gba ìsinmi. Mo bá a níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó tó bo bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi ń rántí Black Sabbath lórí afárá. A kò sọ̀rọ̀, a kàn dúró.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Tí o bá dé Ọ̀yọ́ ní Kérésì, fi orin Fairies Wear Boots ti Black Sabbath sí Bàbá létí, inú àwo Paranoid ló wà. Má ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn. Ní kí wọ́n máa gbọ́ onílù nìkan. Lẹ́yìn náà, fi èyí tó wù ọ́ jù nínú 1986 sí i. Ohun tí wọ́n bá sọ, gbà á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní