Fọ́tò abẹ́ ìrọ̀rí Màmá

Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ń kọ́? Òtútù ọ̀hún ń kọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àbúrò mi ti bí ọkùnrin làǹtìlanti, a ti tún òrùlé ṣe, owó ọkọ̀ sì tún ti lé. Ọ̀rọ̀ Màmá ló gbé mi jókòó kọ ìwé yìí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dà?" O rántí fọ́tò ẹ̀gbọ́n ọ̀hún, èyí tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí òjò ká wa mọ́ Bẹẹrẹ. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé báyìí. Lóru, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò pa ojú ọkùnrin náà, débi pé ojú ọ̀hún ti ń funfun. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì parẹ́: "Liverpool, 1918". Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí lẹ́tà, kò sí ìró. Bàbá wọn retí ẹ̀gbọ́n yìí títí wọ́n fi wọ káà ilẹ̀.

Mo ti lọ sí ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ìjọba nínú ọgbà Yunifásítì nígbà mẹ́ta. Pẹ́ńsùlù nìkan ni mo mú wọlé. Etí ìwé ń rún sí mi lọ́wọ́. Nínú ìwé ìkànìyàn wa ti 1921, iye ni mo rí: ọkùnrin báyìí, obìnrin báyìí. Kò sí orúkọ ẹnì kankan. Ti 1931, eéṣú àti ìjà owó-orí ò jẹ́ kí wọ́n kà á dáadáa. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ni ì bá dá wọn lóhùn?" Mi ò lè bá wọn jiyàn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Liverpool wà, ni wọ́n ti kọ orúkọ nínú ìwé ìkànìyàn tiwọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1921, wọ́n kọ gbogbo ẹni tó sùn sílé kan lóru ọjọ́ náà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí, ibi tí wọ́n ti bí i àti iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ìwé náà pa títí di 2022. Ti 1931 ti jóná ní 1942. Àbí o rí i pé nínú ìwé ìkànìyàn wọn, ti 1921 yìí ló kù fún wa láti wò?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ní oṣù Kẹfà 1919, àwọn òyìnbó dojú ìjà kọ àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Liverpool. Wọ́n fọ́ ilé tí wọ́n ń gbé, wọ́n lé Charles Wootton títí ó fi bọ́ sómi, ó sì kú. Bí orúkọ ẹni wa bá wà nínú ìwé 1921, a jẹ́ pé ó yè é. Ìlà kan péré ni mo ń wá, Àbẹ̀kẹ́.

Mo wá a lórí fóònù, mi ò rí i. Fágbèmí ni, òyìnbó ò sì lè pe "gb". Onílé rẹ̀ á kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà á tún kà á bí ojú rẹ̀ ṣe rí i. Ó lè ti di Fabemi, ó lè di Bemi. Ó sì lè jẹ́ Samuel, orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, ni wọ́n sọ di orúkọ bàbá. Nítorí náà, pa orúkọ tì, ibi ìbí ni kí o fi wá a: "Lagos", "Nigeria", "West Africa", ọkùnrin, ọmọ ọdún 25 sí 35. Bí kò bá sí ní Liverpool, wo Cardiff, ìlú èbúté ní Wales.

Jọ̀ọ́, lọ sí Kew ní Lọ́ńdọ̀n bá mi. Ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn wo ti 1921 lórí kọ̀ǹpútà wọn. Àwòrán ìwé gan-an ni kí o wò, má gbára lé èyí tí wọ́n tẹ̀.

Bí o bá rí i, pè mí lálẹ́, lẹ́yìn aago mẹ́jọ, kí n gbé fóònù sí etí Màmá kí ìwọ fúnra rẹ kà á fún wọn. Bí o ò bá rí i, èmi nìkan ni kí o sọ fún.

Èmi ni,
Àsàbí rẹ