Ìlú yìí fẹ́ iṣẹ́ wa, kò fẹ́ wa

Sí Olóòtú,

Lẹ́tà méjì ni mo bá pàdé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́, pé kí n wá sọ ìdí tí mo fi dé lẹ́yìn aago mọ́kànlá àárọ̀. Èkejì, abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n tì í gbà wọlé níbi tí mo háyà. Bàbá onílé ní nǹkan ti gbówó lórí, pé láti oṣù tó ń bọ̀ kí n fi ₦100,000 kún owó ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Oṣù Kínní ọdún yìí ni mo san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì gba rìsíìtì. Oṣù mẹ́jọ ò tíì pé. Kí la tún fẹ́ fi kún owó tí mo ti san tán?

Ohun tó mú mi gbé bírò nìyẹn. N ò kọ̀wé sí ìwé ìròyìn rí.

Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Òṣogbo. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa tá a máa ń gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín, tẹ́ ẹ máa ń bínú sí pé èsì pẹ́. Agége ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ṣì wà títí dòní, torí tíṣà ni ìyàwó mi, kò sì lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìrí òmíràn níbí. Nígbà tí wọ́n pè mí, inú mi dùn. Mo ní ìlú tó tòrò ni, kò sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, oúnjẹ ò wọ́n tó ti Èkó. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ sọ fún mi pé ó ti pẹ́ táwọn ti ń wá ẹni bíi tèmi, pé àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ náà níbí ti lọ Èkó, àwọn tó kù ti gba Kánádà lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ mí. Mo dé tán, mo wá di ẹran ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín. Yàrá méjì àti pálọ̀, ₦300,000 lọ́dún. Wọ́n ní ọdún méjì làwọn máa ń gbà lọ́wọ́ àlejò: ₦600,000. Agíríìmẹ́ǹtì, ₦60,000. Kọmíṣọ̀n éjẹ́ǹtì, ₦60,000. Owó tí wọ́n ní wọ́n á dá padà fún mi tí mo bá ń kó jáde láìba nǹkan jẹ́, ₦40,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦760,000, kí n tó ra ìkòkò kan. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ bíbí ìlú yìí, ń gbé irú ilé kan náà ní òpópónà kejì sí tèmi. ₦200,000 ló ń san, ọdọọdún ló sì ń san án. Mo bi éjẹ́ǹtì léèrè ìdí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Èkó wá, kí lèyí jẹ́ lójú yín?" Ó ti gbọ́ Ìjẹ̀bú lẹ́nu mi, ó ti ṣírò àpò mi.

Mo sọ ọ́, màá tún sọ ọ́: ìlú yìí fẹ́ iṣẹ́ wa, kò fẹ́ wa.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi. Owó ọkọ̀ ti fò sókè, torí àwọn onímọ́tò mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo tílé rẹ̀ wà l'Ékòó gbọ́dọ̀ padà lálẹ́ ọjọ́ náà. A há sójú títì Èkó sí Ìbàdàn títí ilẹ̀ fi ṣú. A kọjá Ìbàdàn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ìkirè, ọkọ̀ kọ iṣẹ́. Dírẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tàn tọ́ọ̀ṣì sí i, ó tún pa á dé. Kò sí mẹkáníìkì lóru. Dòdò Ìkirè ni mo jẹ sùn nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn mi, ọmọ náà ń sunkún, kò sẹ́ni tó bá a wí, torí ẹkún yẹn ló ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́ ni wọ́n tó tún ọkọ̀ ṣe. Gbọ̀ngán, Òdeòmu, Akódà, Abẹ́rẹ́, mò ń ka ìlú bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà. Mo dé, wọ́n fún mi ní lẹ́tà.

Èmi nìkan kọ́ ni. Ẹ lọ dúró sí gáréèjì lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kẹ́ ẹ wo báwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń sá kúrò nílùú bíi pé omi ń lé wọn. Olùkọ́ fásitì, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn tí ìjọba àpapọ̀ gbé wá. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì la fi ń gbé Òṣogbo. Owó tá à ń gbà níbí, ibòmíràn la ti ń ná an. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ alápatà ìlú yìí ni mo ti ń ra ẹran ọdún, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ibí ni mò ń sanwó fún, télọ̀ ibí ò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi. Ẹ óò wá máa pariwo pé ọjà kò tà!

N kì í ṣe ọ̀tá àwọn onílé. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, tí Òṣogbo di olú-ìlú, owó oṣù ìjọba ló di omi tí gbogbo ìlú ń mu. Iléeṣẹ́ tó ń rọ irin, tó yẹ kó gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́, ti dákẹ́ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tó di 2015, owó oṣù fúnra rẹ̀ di àbọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ń gba tiwọn pé, àwọn tó wà láàárín ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn ọ̀gá ń gba ìdajì, ó sì di 2018 kó tó tán. Bàbá onílé mi ti fẹ̀yìn tì. Ó ti sọ fún mi rí, lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ dùn, pé gbèsè tó jẹ nígbà yẹn kò tíì tán nílẹ̀. Ẹni tí ebi ti pa báyẹn, tó bá rí àjèjì tó ń gba owó oṣù pé, kò ní fojú ènìyàn wò ó mọ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo jẹ owó rẹ̀ ni?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn àlejò ló kọ́ ìlú yìí. Òròkí Àsálà lẹ ń ki ara yín. Kí ló ń jẹ́ àsálà bí kì í bá ṣe pé ẹni tí ogun lé, ibí ló sá sí, ẹ sì gbà á? Ní 1907 tí ojú irin dé Òṣogbo, ilé ìtajà àwọn òyìnbó tẹ̀ lé e, Ìjẹ̀bú dé, Ògbómọ̀ṣọ́ dé, Hausa dé. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Aṣọ ló ń gbé wá fi rélùwéè láti ìsàlẹ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló sì máa ń lò kó tó padà. Wọ́n fún un ní yàrá, wọn ò gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àlejò ni Susanne Wenger tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Àdùnní, tó ti Austria wá, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún igbó Ọ̀ṣun ṣe títí tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ogún àṣà, fi kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Igbó náà ló ń bá yín pe àwọn arìnrìn-àjò wá ní oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún. Mi ò mọ iye tí onílé rẹ̀ gbà.

Ti iná, màá fi í sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, torí ìbínú. Òṣogbo ni ibi tí wọ́n ti ń darí gíríìdì, ìyẹn okùn iná mànàmáná tó so gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Tí iná bá lọ ní Sókótó, ibí ni wọ́n ń pè. Èmi tí mò ń gbé inú ìlú náà, abẹ́lá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Wọ́n ń lọ sókè òkun lọ bẹ àwọn oníléeṣẹ́ kí wọ́n wá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ń tẹ ìwé àdéhùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi ara rẹ̀ pé àwọn tó ti wá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé? Ta ló ń gbà wọ́n sílé? Báwo ni wọ́n ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn? Àwọn fúnra wọn, ọkọ̀ tó ń fẹ fèrè ló ń gbé wọn lọ Èkó, ọlọ́pàá ló ń yà wọ́n lójú ọ̀nà. Wọn ò sùn sí Ìkirè rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí ọdún bá dé, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí máa ń gbé rélùwéè ọ̀fẹ́ kalẹ̀ láti Èkó wá sí Òṣogbo. Gómìnà ti yí padà, ẹgbẹ́ òṣèlú ti yí padà, wọn ò pa á tì. Mo ti wọ̀ ọ́ rí. Èrò pọ̀, adìyẹ wà lábẹ́ ìjókòó mi, ọkọ̀ náà kì í sì í sáré, torí ojú irin àtijọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ó dé. Mo sùn, mo jí, kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́ọ́lẹ̀ kí n tì í. Ṣé ìgbà ọdún nìkan lèèyàn máa ń fẹ́ rí ìyàwó rẹ̀ ni?

Kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ yìí kan náà kalẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kó kúrò ní Òṣogbo, kó dúró ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Agége. Bó bá fẹ́, kó máa rìn bí ìgbín, oorun la ó máa sùn, ilẹ̀ mímọ́ la ó fi wọ Èkó. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó gbé wa padà, ká wẹ̀, ká lọ síbi iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ o. Ọ̀fẹ́ ló ń ba nǹkan ìjọba jẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Kí wọ́n gba ìdajì owó bọ́ọ̀sì, kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kan lápapọ̀, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa máa yọ ọ́ nínú owó oṣù. Èmi ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n so ọkọ̀ ẹrù kan mọ́ ọn lẹ́yìn fún àwọn ìyá alágbàdo, aláàdìrẹ àti onígàárì tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ Èkó, owó tiwọn náà á ran epo lọ́wọ́. Kí ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n sì tan iná sí ibùdókọ̀, ẹ jọ̀wọ́.

Ẹni bá ní ojú irin kì í ṣe ti ìpínlẹ̀, pé ti Àbújá ni, kó sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń rí i yá nígbà ọdún. Bó bá ṣeé yá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó ṣeé yá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ti owó ilé, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé ọdún kan ni kẹ́nikẹ́ni máa gbà, ọmọ ìlú tàbí àjèjì. Ní ti iná, ẹ wo orí kẹ́ ẹ fún un ní fìlà. Ní ti iṣẹ́ fún ìyàwó àwa tá a ti ibòmíràn wá, kí wọ́n yé bi tíṣà ní ìlú bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Bàbá onílé mi máa ń ka ìwé ìròyìn yín, mo mọ̀, torí èmi ni mo máa ń yá a ní tèmi. Ẹ kú ìkàlẹ̀ sà. Mi ò ní san ₦100,000 náà. Rìsíìtì mi wà lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká jókòó sọ ọ́, mo wà nílé lálẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́rin, gáréèjì lẹ ó ti bá mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ará Agége, ní Òkè-Fìà, Òṣogbo