Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Kubwa

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìpàdé o. Inú mi ń dùn pé nínú Àbújá yìí, níbi tí kóńtíráàtì àti ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ti gba ẹnu gbogbo èèyàn, àwọn ọmọ Yorùbá kan ṣì ń jókòó ti ìbéèrè tí kò lè mówó wọlé. Ẹ ní kí n máa wá jókòó tì yín, mo sì ń wá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wá ẹjọ́, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀wé, ẹnu yín sì dá ṣáká. Àmọ́ ẹ máa ń tètè fèsì sí ohun tí ẹnìkejì yín kò sọ.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ àyànmọ́. Ọmọbìnrin kan nínú yín mú ìtàn Afùwàpẹ́ wá láti inú Ògúndá Méjì, ọ̀kan nínú odù Ifá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí. Àwọn méjì sáré lọ, wọ́n gbé orí amọ̀ tó rẹwà lójú, tí òjò sì wẹ̀ dànù. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀. Ó dé ilé Àjàlá, ó bá a níbi tó sá pamọ́ sí nítorí olówó, ó bá a san gbèsè. Àjàlá sì fi orí rere hàn án. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ bi wá ni pé, ṣé orí ló la Afùwàpẹ́ ni, àbí ìwà? Nígbà tó ń ṣe gbogbo oore yẹn, kò tíì ní orí kankan. Ta ló wá ń hùwà nígbà náà?

Kó tó bi í tán, ẹnì kan ti ní a ò wá síbí wá gbọ́ ọ̀rọ̀ abọ̀rìṣà. Òmíràn ní ibo ni Plato, onífìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Gíríìkì, wà nínú ìyẹn, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, ó ń tẹ fóònù rẹ̀ títí a fi tú ká. Mo ṣì ń ro ìbéèrè rẹ̀. Ó ga ju gbogbo ohun tí a sọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ Àríwá tí a wà yìí mọ àríyànjiyàn tó dára jùyẹn lọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, láyé Muhammadu Rumfa ní Kánò, onímọ̀ Mùsùlùmí kan, al-Maghili, wá láti Tlemcen ní ilẹ̀ Àljíríà, ó sì kọ ìwé ìmọ̀ràn ìṣèjọba fún ọba náà. Òun àti al-Suyuti, onímọ̀ Mùsùlùmí ní Káírò, kò fẹnu kò lórí ìmọ̀ tí àwọn àáfà ń pè ní mantiq, èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń to àwíjàre. Al-Suyuti ní èèwọ̀ ni. Al-Maghili fi ewì bi í pé, bí òtítọ́ bá tẹnu kèfèrí jáde, ṣé kò tún jẹ́ òtítọ́ mọ́ ni? Ewì ni al-Suyuti náà fi dáhùn. Ó kọ́kọ́ yin ẹni tó kọ̀wé sí i, ó gbà pé onímọ̀ ni, lẹ́yìn náà ló kọ̀ jálẹ̀.

Muhammad Bello ti Sókótó, ọmọ Usman dan Fodio, ńkọ́? Lásìkò ogun jìhádì wọn, al-Kanemi, aṣáájú Bọ̀rnó, kọ̀wé bi í pé kí ló dé tí ẹ̀ ń gbógun ti Mùsùlùmí bíi tiyín. Bello fèsì, ó sì tún da lẹ́tà alátakò rẹ̀ kọ sínú ìwé tirẹ̀. Ojú ogun nìyẹn o!

Nítorí náà, kí ẹ tó ta ko ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ títí òun fúnra rẹ̀ á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mò ń wí nìyẹn." Ìwé tí al-Ghazali, onímọ̀ Mùsùlùmí ayé àtijọ́, fi to èrò àwọn onífìlọ́sọ́fì kó tó dojú ìjà kọ wọ́n dára débi pé àwọn ará Yúróòpù tó kà á lédè Látìn rò pé ọ̀kan lára àwọn onífìlọ́sọ́fì yẹn lòun náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ẹ̀yin tó kéré máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ má bínú, sà," ẹ ó wá gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó tó. Bí a bá ti jókòó tán, ẹ wí fún mi pé, "Bàbá, ibi tí ẹ ti ṣì í nìyí." Ó lè dùn mí díẹ̀, àmọ́ ìyá yín ni n óò lọ rojọ́ fún nílé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà, "mo ti jáyé jù ọ́ lọ" kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ má sì fi ohùn ọmọ Kàbà tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Òkun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tú ìpàdé ká láago márùn-ún ààbọ̀. Àwọn tó ń padà sí Nyanya máa ń wọ ọkọ̀ méjì, ẹ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń rí nírọ̀lẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kù lẹ́nu rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ de Sátidé tó ń bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Kubwa.