Orúkọ Oníbáàsì Dà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ojú ewé orin ìwé ìròyìn yín, akọrin nìkan ni a sábà máa ń rí orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó lùlù, tí ó sì ta gìtá fún un kò lórúkọ. Àwo orin jáàsì kan ni ó mú mi ronú sí i: Mingus Three, èyí tí Charles Mingus ká sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1957. Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe é. Hampton Hawes ni ó tẹ dùùrù, Dannie Richmond ni ó lùlù, Mingus tí ó jẹ́ olórí wọn sì ni ó ta báàsì, ohun èlò olókùn mẹ́rin tí ó ga ju ẹni tí ń ta á lọ.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí fóònù nínú ilé mi ní Òkè-Fìà, mo rò pé onídùùrù ni ó ni àwo náà, nítorí pé ẹnu fóònù kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, dùùrù àti ìlù nìkan ni ó sì ń dé etí mi. Ìgbà tí mo fi íápíìsì sétí ni mo tó gbọ́ bí ìka Mingus ṣe ń fà lára okùn, àti bí àwọn méjì yòókù ṣe ń tẹ̀ lé e. Richmond gan-an kò tíì pẹ́ nídìí ìlù nígbà náà. Sakisafóònù ni ó ń fọn tẹ́lẹ̀.

Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa. Àgídìgbo ni ó ń ṣe iṣẹ́ báàsì nínú àpàlà, àwa náà ni a sì ń sọ pé bí òwe bí òwe là ń lù ú. Láti kékeré ni mo ti mọ orin Haruna Ishola lórí, síbẹ̀ n kò lè dárúkọ ẹni tí ó ń lu àgídìgbo fún un. Ojú tì mí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ròyìn àwo tuntun, ìbáà ṣe fújì, ìbáà ṣe jùjú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó lo ohun èlò sí ìsàlẹ̀. Bí ààyè kò bá tó, ẹ yọ fọ́tò kejì akọrin kúrò.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.