Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Àwọn Tó Ń Mu Omi Nísàlẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n,

Láti alẹ́ Ọjọ́rú ni oorun kò ti kun ojú mi. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀, kó má ṣe wádìí. Ẹ bá mi ṣí Esekiẹli 34:18-19.

Olúwa ń bá agbo ẹran rẹ̀ wí níbẹ̀: ẹ mu omi tó tòrò tán, ẹ tún fi ẹsẹ̀ da èyí tó kù rú, omi tí ẹ dà rú náà sì ni àwọn àgùntàn mi ń mu. Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe ìkookò ló ń bá wí. Àwọn ẹran tó sanra nínú agbo kan náà ni. Kò sì bínú pé wọ́n mumi. Ẹsẹ̀ wọn ló ń bínú sí.

Mo mọ omi tó dàrú. Kakuri, ní Kaduna, ni mo dàgbà sí, lẹ́bàá gọ́tà ńlá tó ń gbé omi ilé iṣẹ́ lọ sínú odò Kaduna. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ aṣọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílùú náà, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ yìí ni bàbá mi bá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró ló wà. Èékánná rẹ̀ kì í mọ́, àní lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun ló sọ fún mi pé aró tí aṣọ bá kọ̀, omi ló ń gbé e lọ.

Orí pákó la máa ń gbà sọdá lọ sí ilé ìwé. À ń ta tẹ́tẹ́ kúlíkúlí lórí àwọ̀ tí omi yóò ní: ó lè pupa lọ́jọ́ Ajé, kó dúdú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ọyẹ́ bá dé, omi gbígbóná náà a máa rú èéfín, a ó sì na ọwọ́ sí i ká fi yáná kí aago ilé ìwé tó lù. Mi ò ní purọ́, a fẹ́ràn gọ́tà yẹn.

Ní 1978, mo wà ní kíláàsì kẹta, bọ́ọ̀lù wa já sínú rẹ̀. Mo sáré tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ títí mo fi dé oko bàbá Hausa kan tó ń gbin àlùbọ́sà. Ó bá mi yọ bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n wò ó. Nígbà tó dà á nù, gbogbo ilà ọwọ́ rẹ̀ ti di búlúù. Ó fi Hausa bi mí pé, níbo lo ti ń bọ̀? Mo na ọwọ́ sókè, sí apá ibi iṣẹ́ bàbá mi.

Mo ròyìn rẹ̀ nílé lálẹ́. Bàbá mi wo èékánná rẹ̀ títí, kò sọ nǹkan kan. Owó aró náà ló fi rán mi nílé ìwé, mi ò lè dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kò dé ìsàlẹ̀ yẹn rí.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin náà kò tíì dé ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹ sọ síra yín níta gbangba, tí ẹ tún fi ohùn ara yín rán sórí fóònù, ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò parí. Ó ti ṣàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan bi mí ní Ọjọ́bọ̀ bóyá òun ṣì lè jókòó ti ọ̀rẹ́ òun. Kí ni kí n wí? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ fọwọ́ ara yín wọ́ ọ! Ojú tì mí. Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé, "Pásítọ̀, òun ló bẹ̀rẹ̀." Ẹni tó jàre, ẹni tó jẹ̀bi, inú omi kan náà ni ẹsẹ̀ yín wà. Ẹ yọ ọ́ ná.

Mo fẹ́ràn yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi ṣàìsàn, ẹ̀yin náà lẹ ń gbé ọbẹ̀ wá sí Kubwa níbí, ní agbègbè Àbújá, láti Bwari, láti Dutse Alhaji, nínú òjò. Orí kan náà, ẹsẹ 15, Olúwa ní òun fúnra òun ni yóò bọ́ agbo òun, tí yóò sì mú kí wọ́n dùbúlẹ̀ sinmi. Ilé mi ní Kubwa yóò ṣí sílẹ̀ ní alẹ́ Sátidé. Ẹ má wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ wá.

Ìkéde, àyè ti fẹ́ tán: àdúrà Ọjọ́bọ̀ di aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹ dá ìkòkò ìjọ padà. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ní kí n sọ pé àga kékeré méjì tó wà níwájú, òun kò tíì gbé e fún ẹlòmíràn.